Ìrẹsì kì í wọ lísìtì: bí mo ṣe ń sọ àwọn tó máa wọ Oscar tẹ́lẹ̀, àti ọ̀rọ̀ fíìmù Yorùbá

Àbúrò kan ní Gwagwalada ló bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì ní kí n má dáhùn ẹ̀ ní gbólóhùn kan bí mo ṣe máa ń ṣe o. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdọọdún lẹ máa ń kọ orúkọ àwọn tó máa wọ lísìtì Oscar sílẹ̀ kí wọ́n tó kéde ẹ̀, ẹ sì máa ń gbà á ju bẹ́ ẹ ṣe ń ṣì í lọ. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ̀ẹ̀kejì, kí ló dé tí Nàìjíríà ò tíì rí fíìmù Yorùbá kankan gbé débẹ̀? Ṣé tiwa ò dáa tó ni àbí àwọn òyìnbó yẹn ò kàn fẹ́ràn wa?"

Àbúrò, o ṣeun o. Jẹ́ n ti ibì kan bẹ̀rẹ̀ ná. Ọjọ́bọ̀ ni, 22 oṣù kìíní 2026, ọjọ́ tí wọ́n kéde lísìtì yẹn, ìyẹn orúkọ àwọn tó máa díje fún àwọ́ọ̀dù fíìmù Oscar ti Amẹ́ríkà. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n máa ń kà á tó bá jẹ́ àsìkò tiwa níbí, torí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló jẹ́ ní Los Angeles, àwọn yẹn ṣì ń nu ojú oorun, èmi ti wà ní ọ́fíìsì ní Wúsè látàárọ̀, mo ṣí fáìlì kan síwájú bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gidi, fóònù wà lórí itan mi lábẹ́ tábìlì, mo fi nǹkan sí etí kan ṣoṣo kí n lè gbọ́ tí ọ̀gá bá pè mí. Mo ti kọ orúkọ márùn-ún sẹ́yìn rìsíìtì epo, ti àwọn òṣèrébìnrin tó wà lẹ́yìn olú òṣèré. Wunmi Mosaku ti fíìmù Sinners wà nínú ẹ̀. Ará Kánò kan tá a jọ ń jókòó ti bá mi fi ṣúyà ta tẹ́tẹ́ pé kò ní wọlé, ó ní Golden Globe, àwọ́ọ̀dù míì tó máa ń ṣáájú Oscar, ti fò ó, ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, bí lẹ́tà orúkọ ìdílé ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n ń fi kà á. Elle Fanning. Mi ò kọ ìyẹn. Inga Ibsdotter Lilleaas. Háà, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Ariana Grande ti já mi kulẹ̀, torí G ló yẹ kó ṣáájú L, mo sì ti kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà pẹ̀lú báírò. Amy Madigan. Ni fídíò bá dúró. Ó ń yí róbótó láàárín fóònù, mo dìde lọ síbi fèrèsé, ọ̀gá wò mí, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni sà. Nígbà tó máa padà, Teyana Taylor ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ ẹni tó wà láàárín! Mo ń tẹ fóònù bí ẹni tó ń pa kòkòrò kí n tó rí lísìtì yẹn fúnra ẹ̀. Mosaku. Ó wà níbẹ̀.

Mo bọ́ síta lọ sọ fún mágádì wa torí ará Zaria ni, mo ní ọmọ kan tí wọ́n bí ní Zaria ní 1986 ti wọ lísìtì Oscar o. Ó ní "'Yar gidan wa?", ìyẹn ni pé ọmọ ilé ta ni. Mo ní ọmọ Yorùbá ni, ọmọdé jòjòló ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Manchester. Ó ronú díẹ̀, ó ní "To, 'yar Zazzau ce", ìyẹn ni pé ó dáa, ọmọ Zaria ni. Ó ti gbà á lọ́wọ́ wa nìyẹn. Mo fi í sílẹ̀ fún un jàre.

Ó dáa, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó máa wọlé nígbà tí Globe fò ó? Kì í ṣe pé mo wo fíìmù yẹn tán ní Jábì tí mo wá sọ pé ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe, òótọ́ ni pé ó mọ̀ ọ́n ṣe, Annie tó ṣe nínú Sinners, obìnrin tó mọ ewé mọ egbò ní Mississippi 1932, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ ìyẹn ò kàn án. Ohun tí mo wò ni ta ló ń dìbò. Àwọn oníròyìn ló ń dìbò Golden Globe, kò sí ohun tó kan oníròyìn kan Oscar. Àwọn tó ń dìbò Oscar jẹ́ àwọn tó ń ṣe fíìmù fúnra wọn, wọ́n tó nǹkan bíi 10,000, wọ́n sì pín sí ẹ̀ka ẹ̀ka. Òṣèré ló ń yan òṣèré. Olùdarí ló ń yan olùdarí. Àwọn tó ń gé fíìmù tí wọ́n ń tò ó pọ̀ ló ń yan àwọn tó ń gé fíìmù. Fíìmù tó ga jù nìkan ni gbogbo wọn jọ máa ń yan àwọn mẹ́wàá fún. Nítorí náà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn òṣèré bá gbé lísìtì tiwọn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, ibẹ̀ ni kó o lọ wò, torí ọ̀pọ̀ òṣèré tó wà nínú Oscar náà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Mosaku wà nínú lísìtì yẹn. Ìdí tí mo fi gbà láti ta tẹ́tẹ́ nìyẹn. Ariana Grande náà wà níbẹ̀ o, ìdí tí mo fi kọ tiẹ̀ nìyẹn, ó sì já mi kulẹ̀, torí náà má fi ọ̀rọ̀ mi búra.

Èyí tó wá le díẹ̀ fún àwọn èèyàn láti lóye ni bí wọ́n ṣe ń ka ìbò yẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo àṣírí ọ̀rọ̀ yìí wà. Gbà pé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Kubwa fẹ́ ṣe páàtì ìparí ọdún, oúnjẹ márùn-ún péré lowó wọn ká. Ilé 60 ló máa dìbò, kálukú á kọ èyí tó fẹ́ràn jù sí nọ́mbà 1, èyí tó tẹ̀ lé e sí nọ́mbà 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé 12 fi àmàlà ṣe nọ́mbà 1, 12 ní iyán, 12 ní tuwo, 11 ní fùfú, 10 ní másà. Ilé mẹ́ta péré ló fi ìrẹsì ṣe nọ́mbà 1. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé 57 tó kù ló fi ìrẹsì sí nọ́mbà 2, kò sẹ́ni tí ò fẹ́ ìrẹsì. Wọ́n á pín 60 sí ọ̀nà mẹ́fà, wọ́n á fi ọ̀kan lé e, ó di 11, èyíkéyìí tó bá ti ní 11 ti wọlé. Àmàlà, iyán, tuwo, fùfú ti wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ku àyè kan. Ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé jáde? Ẹni tí nọ́mbà 1 ẹ̀ kéré jù. Ìrẹsì! Oúnjẹ tí gbogbo àdúgbò fẹ́ràn ló kọ́kọ́ jáde, másà wọlé.

Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka yẹn ṣe ń yan márùn-ún wọn nìyẹn. Tó o bá ti mọ èyí, o ò ní máa béèrè pé ta ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn, wàá máa béèrè pé ta ni àwọn kan fẹ́ràn débi pé wọ́n lè tìtorí ẹ̀ jà. Rántí oṣù kìíní 2023, Andrea Riseborough wọ lísìtì òṣèrébìnrin tó ga jù fún To Leslie, fíìmù tí owó tó pa ní sinimá ò ju nǹkan bíi dọ́là 27,000 lọ, àbúrò, dọ́là o, owó yẹn ò lè ra ilẹ̀ tó dáa ní Gwarinpa. Kò sí ìpolówó ńlá, kò sí pósítà. Àwọn òṣèré ẹgbẹ́ ẹ̀ kan ló gbé e lórí, wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń kọ ọ́ sójú òpó wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi sí nọ́mbà 1. Àríwo pọ̀, Academy, àwọn tó ni Oscar, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Másà nìyẹn.

Àwọn olùdarí ní tiwọn, ẹ̀ka wọn kéré, agídí wọn pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì gbé Amẹ́ríkà. Ní 2013 wọ́n fo Ben Affleck, Argo ẹ̀ wá gba fíìmù tó ga jù. Ní 2024 Barbie wọ ọ̀nà mẹ́jọ, wọn ò mú Greta Gerwig, wọ́n mú Justine Triet àti Jonathan Glazer. Gbogbo èèyàn ń pariwo pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, èmi ti kọ Triet sílẹ̀ tipẹ́. Àfi kó o máa fi òyìnbó kan tí wọn ò mọ̀ dáadáa ní Amẹ́ríkà sí àyè karùn-ún nínú lísìtì olùdarí, á máa bá ẹ mu.

Ẹ̀kọ́ míì tó dùn mí ni ti David Oyelowo, ọmọ Yorùbá náà ni. Selma, oṣù kìíní 2015. Mo ti kọ orúkọ ẹ̀ sí nọ́mbà 1, kì í ṣe orí ni mo fi kọ ọ́, ọkàn ni. Kò wọlé. Fíìmù yẹn wọ fíìmù tó ga jù àti orin nìkan, orin yẹn sì gbà á. Àwọn tó ni fíìmù yẹn pẹ́ kí wọ́n tó gbé e jáde, wọn ò sì fi DVD ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí mo wí yẹn, nígbà tí àwọn èèyàn máa rí i wò, ọjọ́ ti lọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ wà níbẹ̀ o, ọdún yẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ ariwo pé funfun nìkan ni gbogbo òṣèré tí wọ́n mú, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n látọjọ́ yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè lórí fíìmù kan ni pé: ṣé wọ́n ti wò ó? Ìgbà wo ló jáde? Ta ló ń gbé e kiri?

Ti Sinners fúnra ẹ̀, ọ̀nà 13 ni mo kọ, 16 ló wọ̀. Kò tíì sí fíìmù tó wọ 16 rí, 14 ni àwọn tó ga jù ṣáájú ní, All About Eve, Titanic àti La La Land. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àwọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣa òṣèré jọ, ìyẹn fi ọ̀kan kún un, ṣùgbọ́n tó o bá yọ ìyẹn kúrò, ó ṣì ju 14 lọ.

Èyí tó kàn ni ìbéèrè kejì, òun ló sì ká ìwọ náà lára jù, mo mọ̀.

Àwọ́ọ̀dù fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ò rí bí àwọn yòókù. Ìjọba kọ́ ló ń fi ránṣẹ́, ìgbìmọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń mú fíìmù kan, ẹyọ kan. Èyí tó ju ìlàjì ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lọ ò gbọdọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà ní sinimá fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Orílẹ̀-èdè tó ń fi ránṣẹ́ máa ń ju 80 lọ, wọ́n á kọ́kọ́ sẹ́ ẹ ku 15, wọ́n á tún sẹ́ ẹ ku márùn-ún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa fi ránṣẹ́, 2019, Lionheart ti Genevieve Nnaji la fi ránṣẹ́, wọ́n dá a padà, torí Igbo inú ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú 11 lọ nínú 95. Ava DuVernay, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, bínú sí wọn pé ṣé ẹ ò fẹ́ kí Nàìjíríà sọ èdè tí ìjọba ẹ̀ ń sọ ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n òfin ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò á ka ohun tí wọ́n kọ sókè ìwé ná. Ní 2020 a fi The Milkmaid ránṣẹ́, Hausa ni wọ́n sọ jù nínú ẹ̀. 2023, Mami Wata, pijin àti Fon, wọ́n gbà á, torí náà pijin kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì lójú wọn, fi ìyẹn sápò. 2024, Mai Martaba, Hausa. Ka gbogbo ẹ̀ dáadáa, láti 2019 dé 2024, Hausa méjì, Yorùbá òdo. Ará Kánò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn máa ń kà á fún mi létí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọdún tó yẹ ká débẹ̀ ni 2022. Fíìmù Yorùbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo: Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, Agẹ̀ṣinkólé, àti Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Bíyìí Bándélé ṣe látinú eré Ṣóyínká. Ìgbìmọ̀ jókòó, ọ̀pọ̀ nínú wọn dìbò pé kò sí èyí tó yẹ. Kò sí! Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bínú kúrò. Ọdún yẹn a ò fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Tó bá jẹ́ èmi ni, Ẹlẹ́ṣin Ọba ni màá fi ránṣẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì máa ń bá mi jà lórí èyí, wọ́n á ní Aníkúlápó ló dùn jù. Mo gbà, Aníkúlápó dùn jù ú lọ, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, òun náà ló sì gba fíìmù tó ga jù nínú àwọ́ọ̀dù AMVCA ní 2023, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ni. Ta ló ń dìbò? Àwọn òyìnbó tí ò mọ Ṣàró inú Aníkúlápó, tí ò mọ Ọ̀yọ́, tí fíìmù 80 àti jù bẹ́ẹ̀ wà níwájú wọn. Ẹlẹ́ṣin Ọba ti lọ sí àjọ̀dún Toronto ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, orúkọ Ṣóyínká ti wà lára ẹ̀, wọ́n ti ka eré yẹn ní yunifásítì wọn, ẹni tó ṣe é sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní oṣù kẹjọ, kò rí i kó jáde. Ní Kafanchan ni wọ́n bí Bándélé o, Kàdúná níbí, àwọn òbí ẹ̀ jẹ́ Yorùbá bíi tiwa tá a wà lókè ọya yìí. Àwọn oníròyìn ì bá kọ nípa ẹ̀, èèyàn ì bá ṣí i wò. Mi ò ní ì bá wọ márùn-ún, ọwọ́ olùdarí yẹn ò bọ́ sí i nínú gbogbo ẹ̀, ibì kan wà tó dà bí pé orí ìtàgé ni wọ́n ṣì wà. Mo kàn ní wọn ì bá ṣí i.

Wo márùn-ún tó wọlé ní 2026 kó o rí ohun tí mò ń sọ. Brazil, France, Norway, Spain, Tunisia. Mẹ́rin nínú wọn, àjọ̀dún fíìmù Cannes ní France ni wọ́n ti kọ́kọ́ hàn, ti Tunisia nìkan ló ti Venice wá. Mẹ́rin kan náà yẹn, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbé wọn kiri Amẹ́ríkà, Neon, àwọn tó gbé Parasite, fíìmù ilẹ̀ Kòríà yẹn. Ṣé o rí i pé kì í ṣe ojú ọ̀run ló ti ń já bọ́? Oṣù karùn-ún ọdún tó ṣáájú ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, tiwa ni ìgbìmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó lé lórí ní oṣù kẹsàn-án. Àti pé ará Áfíríkà wà níbẹ̀, Tunisia, Kaouther Ben Hania, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé wọn ò fẹ́ Áfíríkà.

Èyí tó wá dùn mí bí ẹni fi ata sójú ni My Father's Shadow. Àwọn ọmọ Davies, Akinola àti Wale, ló ṣe é, Èkó ni, oṣù kẹfà 1993, ọjọ́ kan ṣoṣo tí bàbá kan mú àwọn ọmọ ẹ̀ méjì wọ Èkó nígbà wàhálà ìbò Abíọ́lá. Yorùbá wà nínú ẹ̀, pijin wà, Gẹ̀ẹ́sì wà. Fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí Cannes máa mú sínú lísìtì tiwọn gan-an nìyẹn, 2025. Ta ló fi ránṣẹ́ sí Oscar? Ìlú Ọba! Òfin gbà wọ́n láyè, owó wọn wà nínú ẹ̀, bí France náà ṣe fi fíìmù àwọn ará Iran ránṣẹ́ lọ́dún yẹn náà nìyẹn. Mi ò bá wọn jà. Kò wọ márùn-ún náà ṣá.

Nítorí náà àsọtẹ́lẹ̀ tèmi nìyí, kọ ọ́ síbì kan: fíìmù Yorùbá tó máa kọ́kọ́ wọ 15 yẹn ò ní jẹ́ ti ajagun, kò ní sí ẹṣin ọgọ́rùn-ún àti iná kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀. Ó máa jẹ́ fíìmù kékeré, ilé kan, ìdílé kan, ẹni tó ṣe é máa ti lọ sí Cannes tàbí Berlin kí ọjà tó gbọ́ orúkọ ẹ̀, ó sì lè jẹ́ orílẹ̀-èdè míì ló máa fi orúkọ ara ẹ̀ fi ránṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ tiwa ò bá yára. Èmi náà fẹ́ràn fíìmù ajagun o, mo máa ń lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ o bi mí ní ohun tí mo rò.

Mo ka èyí fún ará Kánò yẹn kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹ. Ó ti san ṣúyà ẹ̀, ó bu èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ jẹ fúnra ẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tí mo sọ yìí, fíìmù kékeré, ìdílé kan, Berlin, kí ló sọ pé Yorùbá ló máa jẹ́, ṣé wọn ò lè fi Hausa ṣe é ni, wọ́n sá ti fi méjì ṣáájú. Mi ò tíì rí èsì fún un.